Ẹ Ta Àwọn Ilé Òfìfo Kí Òrùlé Wọn Tó Jìn: Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Ẹgbẹ́ Oníṣẹ́ Ilé sí Ìjọba Ìbílẹ̀

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀, àwọn káńsẹ́lọ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ilé àti ilẹ̀,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Àwa bírìkìlà, káfíńtà, akunlé, oníṣẹ́ ẹ̀rọ omi àti oníṣẹ́ iná tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan la kọ ìwé yìí sí yín. Ẹ̀bẹ̀ wa kò pọ̀. Àwọn ilé òfìfo tó wà níkàáwọ́ ìjọba láàárín ìlú, ẹ bá wa tà wọ́n ní owó pọ́ọ́kú fún ẹni tó máa tún wọn ṣe tó sì máa gbé inú wọn, ẹ sì tètè tà wọ́n.

Ìdí tí a fi ní kí ẹ tètè ṣe é nìyí. Ilé kì í dédé wó. Òrùlé ló máa ń kọ́kọ́ ṣí níbì kan, bóyá atẹ́gùn ló ṣí i, bóyá olè ló tú u. Bí èèyàn bá ń sùn níbẹ̀, omi á kán sí i lójú, á dìde, á wá àkàbà. Nínú ilé òfìfo, ta ni omi máa kán sí lójú? Òjò á rin àjà, á rin igi tó gbé òrùlé, á gba inú ògiri sọ̀ kalẹ̀ dé ìpìlẹ̀. Ikán á tẹ̀lé e. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ọ́. Ilé tó bá ti lanu báyìí, aláǹgbá ló kéré jù nínú àwọn tó ń wọ ọ́. Wáyà á lọ, páìpù á lọ, ilẹ̀kùn á lọ, títí kan férémù rẹ̀.

Ọ̀kan ṣẹlẹ̀ lójú wa. Ẹnì kan tó fẹ́ ra ilé alájà kan tí wọ́n ti pa tì pè wá pé ká wá bá òun wò ó. Káfíńtà àgbà inú wa gorí àjà, ó ń fi òòlù kan àwọn igi náà níkọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ṣì le dún gbì. Mẹ́rin dún bí akèrègbè tó ṣófo. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbọn eruku nù lára, ó ní, "Igi mẹ́rin péré ni. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan." Ẹni náà gba ọ́fíìsì lọ. Wọ́n ní kó mú ìwé kan wá, ó mú un wá. Wọ́n ní òmíràn ló kù. Ẹni tó yẹ kó buwọ́ lù ú kò sí lórí ìjókòó, lẹ́yìn náà fáìlì ò sí mọ́. Nígbà tí a máa fi padà débẹ̀ lọ́dún kejì, òrùlé ti jìn sínú pálọ̀. Bírìkìlà wa fi ṣíbí ìrẹ́lé kan ara ògiri jẹ́jẹ́, sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ ya dànù lápá kan, ó dà lé e lẹ́sẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì tutù bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi sí i. Iṣẹ́ igi mẹ́rin ti di iṣẹ́ odidi ilé. Ẹni tó fẹ́ rà á ti bá tiẹ̀ lọ.

Ohun tí a ń tọrọ yìí, àwọn ìlú mìíràn ti ṣe é. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1973 ni Wilmington ní ìpínlẹ̀ Delaware bẹ̀rẹ̀ sí í fa ilé tí wọ́n pa tì lé ẹni tó bá máa tún un ṣe lọ́wọ́. Baltimore náà gbé tiẹ̀ dìde, dọ́là kan fún ilé kan. Ní àdúgbò Otterbein níbẹ̀, ilé tó lé ní 100, tí wọn ò bá wó dànù, ni wọ́n tà bẹ́ẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ wọn gbé irú ètò yìí sínú òfin ilé ti ọdún 1974. Ní 2013, Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ta ilé ní pọ́n-ùn kan, Stoke-on-Trent náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Sambuca, ìlú kékeré kan ní erékùṣù Sicily ní ilẹ̀ Ítálì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ gbàǹjo tiwọn láti yúrò kan ní 2019.

Gbogbo ayé ló ń pariwo owó táṣẹ́rẹ́ yẹn. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ilé, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ la wò. Ní Stoke, ẹni tó ra ilé ní pọ́n-ùn kan tún rí ẹ̀yáwó 30,000 pọ́n-ùn gbà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ láti fi tún un ṣe, ó sì máa san án padà. Baltimore náà yá àwọn tiwọn lówó ní èlé kékeré. Ní Liverpool, wọ́n ní ẹni tó rà á nígbà náà gbọ́dọ̀ gbé inú rẹ̀ fún ọdún 5. Ní Sambuca, ọdún 3 ni wọ́n fún wọn láti parí àtúnṣe, wọ́n sì ní kí wọ́n fi 5,000 yúrò dógò. Ẹni tó bá parí ló máa gbà á padà. Ẹ wá wo Detroit ní Amẹ́ríkà. Gbàǹjo àwọn ilé tó jẹ gbèsè owó-orí níbẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti 500 dọ́là rí, àwọn olówò sì ra ilé jọ rẹpẹtẹ, tí púpọ̀ nínú wọn ò fọwọ́ kan òrùlé. Ilé ò yé ṣófo, ó kàn pààrọ̀ onílé ni.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé ẹni tó lówó jù ló máa gbé e. Ilé kan fún ẹnì kan. Kí ayálégbé àdúgbò náà kọ́kọ́ rí i rà kí ẹ tó polówó rẹ̀ fún ará ìta, torí Otterbein tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ti di àdúgbò àwọn olówó báyìí. Kí àdéhùn rẹ̀ ní ọjọ́ nínú: a dá a lábàá pé kí òrùlé di dídí láàárín oṣù 3 tí ẹni náà gba kọ́kọ́rọ́, kí ìyókù parí láàárín ọdún 2. Ẹni tí kò bá ṣe é, kí ilé padà sọ́wọ́ yín.

Ṣùgbọ́n ìwé ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ bá wa tọ́jú. Ẹ yanjú gbèsè owó-orí àti ọ̀rọ̀ àwọn ajogún kí kọ́kọ́rọ́ tó jáde. A ò fẹ́ gun àkàbà lónìí kí ẹnì kan wá sọ lọ́la pé ilé bàbá òun ni.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń jókòó sí ọ́fíìsì kì í sábà rí, ẹ má bínú. Ilé méjì tó jọ ní ògiri kan láàárín, bí ẹ bá ta ọ̀kan tí ẹ fi èkejì sílẹ̀, òjò tó ń rọ̀ sínú èyí tó ṣófo máa gba inú ògiri bọ́ sí yàrá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kun tiẹ̀. A ti kun irú yàrá bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan. Ọ̀dà ò dúró. Ẹ tà wọ́n ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, kí àwọn ilé tó fara kan ara wọn lójú títì kan jọ jáde lẹ́ẹ̀kan.

Lórí owó ẹ̀yáwó, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ fún onílé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má sì kó o fún àwa náà. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: oníṣẹ́ tó ń gba àsansílẹ̀ tó sì ń sá wà nínú iṣẹ́ yìí, a sì ti lé irú wọn kúrò nínú ẹgbẹ́. Bí òrùlé bá parí, kí ẹni tiyín wá wò ó kí owó iná àti omi tó jáde.

Kì í ṣe gbogbo ilé ló ṣeé gbà là. Èyí tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti rì tí ògiri rẹ̀ sì ti yọ ikùn síta, àwa gan-an la máa ní kí ẹ wó o. Ní ti ìyókù, a ṣe tán láti yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò lọ́fẹ̀ẹ́, kí a kọ ohun tó fẹ́ àti iye tó máa ná sójú tákàdá kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ rà á mọ ohun tó ń kó sí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ wa á wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ dá ọjọ́ kan fún wa kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí àwọn òṣìṣẹ́ yín bá wa yípo àwọn ilé náà. Kí wọ́n mú ìwé tí orúkọ gbogbo wọn wà dání, àti kọ́kọ́rọ́ èyí tó bá ṣì ní kọ́kọ́rọ́. Àwa á gbé àkàbà wá.

Àwa ni tiyín,
Alága àti Akọ̀wé,
lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ilé