Lẹ́tà sí ẹ̀yin tí wọ́n kàn pè ní "gbogbo àwọn olùrànlọ́wọ́" ní Palmyra

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò mọ orúkọ yín, mi ò mọ̀ bóyá ọmọ ìlú Tadmor (Palmyra yẹn náà, ní Síríà) ni yín àbí ṣe ni wọ́n rà yín wá síbẹ̀, torí ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ sára òkúta àtijọ́ kan tí wọ́n rí níbẹ̀ ò sọ. Oṣù kẹwàá ọdún 243 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa ni wọ́n kọ ọ́. Wọ́n ní Yarhai Agrippa ni olórí àsè àwọn àwòrò lọ́dún náà, wáìnì tó ti pẹ́ nílẹ̀ dáadáa ló sì fi ń ṣe wọ́n lálejò fún odidi ọdún kan, láti ilé ara ẹ̀ ló ti ń gbé e wá, kò ra wáìnì inú ìgò awọ tí wọ́n ń kó bọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn. Wọ́n wá ní kí wọ́n rántí àwọn ọmọ ẹ̀, Pertinax àti Malkosa, wọ́n dárúkọ akọ̀wé, wọ́n dárúkọ Zabbai tó jẹ́ ọ̀gá níbi ìdáná (ilé ìkòkò ni wọ́n ń pe ibẹ̀ lédè yín, ó dùn létí mi), wọ́n dárúkọ Yarhibola tó ń po wáìnì, ẹ̀yìn gbogbo ìyẹn ni wọ́n wá ní "àti gbogbo àwọn olùrànlọ́wọ́". Ó parí. Ẹ̀yin nìyẹn.

Ó dùn mí nígbà tí mo kà á. Èmi náà, iṣẹ́ yẹn ni mò ń ṣe, n'Íbàdàn níbí, mò ń tẹ̀lé àwọn alásè lọ òde ní gbogbo Sátidé, ẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń bu oúnjẹ ni mo máa ń dúró sí, èmi ni mo ń gba tálì. Tí wọ́n bá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn nínú máíìkì, wọ́n á pe alága ìjókòó, wọ́n á pe onílù, wọ́n á pe ìyá alásè, wọ́n á ní "àti gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wa ṣe é".

Torí tálì yìí gan-an ni mo ṣe ń kọ̀wé sí yín. Mo ti rí fọ́tò tiyín lórí fóònù mi, mo fà á tóbi títí tí ojú ẹ̀ fi ń ṣú. Amọ̀ ni, kékeré báyìí, kò fi bẹ́ẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ, àwọn kan onígun mẹ́rin, àwọn kan róbótó, àwọn míì onígun mẹ́ta. Èyí tí mo wò jù lọ, àwòrò kan ló wà níbẹ̀ tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí àga gbọọrọ, ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀ wà lórí tìmùtìmù, ó dé fìlà gíga tí orí ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó gbé ife dání, igi àjàrà sì ta lé e lórí. Ẹ wo gbogbo ìyẹn lórí amọ̀ tó lè wọ ihò imú! Wọ́n á kọ orúkọ àwòrò tó ń ṣe ìnáwó sí i, àbí ti ìdílé ẹ̀, àbí ti òrìṣà tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe àsè, àwọn kan tiẹ̀ ń bẹ Bel, òrìṣà yín, pé kó dáàbò bo àwọn ọmọ lágbájá. Àwọn tó ń ṣèwádìí ẹ̀ ti ka oríṣi ẹ̀ tó lé ní 1,000, wọ́n sì gbà pé òun ni I.V. yín, òun náà ni tálì yín, ẹni tó bá gbé e wá ló máa wọlé jẹ, tó máa mu.

Ohun tó mú mi jù ni èdìdì. Kí amọ̀ yẹn tó gbẹ ni wọ́n á ti tẹ òrùka èdìdì mọ́ ọn lára, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n máa wá sun ún níná. Tó bá ti jáde nínú iná, ó tán nìyẹn, ẹni tí ò bá ní òrùka yẹn lọ́wọ́, ibo ló ti fẹ́ rí àmì ẹ̀ ṣe?

Torí bébà ni wọ́n lò níbi ìgbéyàwó kan tí mo bá wọn ṣe. Àwọn mo-gbọ́-mo-yà ti lọ fọ́tòkọ́pì ẹ̀, wọ́n rọ́ wá, mò ń gbà á, mò ń já a, mi ò mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú, ká tó ṣẹ́jú pẹ́ ìkòkò ti gbẹ. Ìgbà yẹn ni ìyá àgbà kan dé, ẹbí ọkọ ìyàwó ni, ó tú etí ìró ẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó mú tálì ẹ̀ jáde, ó ti ká a kékeré bí ẹni ká owó, ó nà án sí mi. Mi ò rí nǹkan kan fún un. Ó kàn ní "ó dáa, ọmọ mi", ó tún so ó padà sétí ìró ẹ̀. Ọ̀gá tó gbé mi lọ síbẹ̀ ní èmi ni mi ò lajú mi, ó sì yọ ọ́ nínú owó mi. Owó yẹn kọ́ ló ká mi lára tó bẹ́ẹ̀, ìró tí màmá yẹn tún so padà yẹn ni.

Mo ka ti àwọn ará Róòmù fúnra wọn náà, ṣebí abẹ́ wọn lẹ wà nígbà yẹn. Lọ́dún 80 tí Titus, ọba wọn, ṣí pápá ìṣeré ńlá wọn, bọ́ọ̀lù igi kéékèèké ló ń jù látòkè sáàárín èrò, wọ́n ti kọ ọ́ sára ẹ̀ pé oúnjẹ, pé aṣọ, pé ẹṣin, pé ẹrú pàápàá, ẹni tó bá rí i mú á gbé e lọ bá àwọn tó ń pín in. Nero, ọba wọn mìíràn, náà ti ṣe irú ẹ̀ ṣáájú. Mi ò fẹ́ràn ìyẹn rárá, ẹni tó bá lágbára ló máa mú un, ibo ni ti ìyá àgbà wà níbẹ̀? Tiyín, ẹnì kan jókòó, ó rò ó pé lágbájá máa wá, ó fi amọ̀ ṣe tiẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ tẹ́ńpìlì Bel rí púpọ̀ nínú tálì yìí nínú gọ́tà gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń jẹun. Inú gọ́tà! Bí mo ṣe kà á báyìí ni mo ti mọ̀ pé ọwọ́ yín nìyẹn. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn, igbá kún, ilẹ̀ ṣú, ara ti ro yín, ẹ dà á nù. Èmi náà kì í gbé tálì Sátidé relé. Akọ̀wé yẹn ò kọ yín sí òkúta, ṣùgbọ́n mo rí yín nínú gọ́tà yẹn ju bí mo ṣe rí Yarhai lọ, mo búra.

Ọgbọ̀n ọdún péré lẹ́yìn òkúta yẹn, lọ́dún 273, ọmọ ogun Aurelian, ọba Róòmù, kó ìlú yín. Tẹ́ńpìlì yẹn ṣì dúró síbẹ̀ o, ó dúró títí di ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2015 tí àwọn ISIS fi bọ́ǹbù fọ́ ọ, ẹnu ọ̀nà ẹ̀ nìkan ló kù lóòró. Ṣùgbọ́n àwọn amọ̀ tẹ́ ẹ dà nù yẹn wà ní Louvre, ilé àkójọ ohun àtijọ́ ní Paris, wọ́n wà ní British Museum, wọ́n to nọ́ńbà sí wọn lára.

Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan ló kù tí mo fẹ́ bi yín. Nígbà tí àwọn àwòrò jẹun tán tí wọ́n ti lọ, kí ni Zabbai máa ń fi sílẹ̀ fún yín nínú ìkòkò? Wáìnì tó pẹ́ yẹn ńkọ́, ṣé wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ tọ́ ọ wò?