Sí ẹ̀yin ọmọ mi: ọdún tí dókítà wa fìdí rẹmi

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín o, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, nígbà tí a ń kó àga jọ lẹ́yìn ìsìn, mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú yín ń sọ pé níwọ̀n ìgbà tí ẹni tí òun ń tì lẹ́yìn fún ipò ààrẹ ti ń fà sẹ́yìn, òun ò ní í dìbò mọ́ láyé òun. Mi ò dá a lóhùn níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìdúró kọ́. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n sùn dáadáa, torí ohun tó ń ṣe é yẹn ti ṣe mí rí, ní 2016, nínú Houston yìí kan náà.

Ẹ mọ̀ mí. Ẹgbẹ́ Republican ni mo ń dìbò fún láti ìgbà tí mo ti di ọmọ orílẹ̀-èdè yìí. Mo fẹ́ kí owó orí mọ níwọ̀n, mo fẹ́ kí ìjọba jẹ́ kí òbí tọ́ ọmọ tí wọ́n bí, mi ò sì fara mọ́ oyún ṣíṣẹ́. Àwọn kan nínú yín ò gbà fún mi, ìyẹn ò sì ba àárín wa jẹ́. Nígbà tí Ben Carson jáde ní Detroit lóṣù Karùn-ún 2015 pé òun fẹ́ ṣe ààrẹ, àfi bí ìgbà tí ìbátan wa jáde. Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Dókítà tó ṣáájú àwọn oníṣẹ́ abẹ tó ya ìbejì tí orí wọn lẹ̀ pọ̀ ní 1987. Ọmọ obìnrin tó ń tọ́jú ilé onílé, tí kò kàwé kọjá kíláàsì kẹta, àmọ́ tó ń mú àwọn ọmọ rẹ̀ ka ìwé méjì lọ́sẹ̀, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n kà sílẹ̀. Ní Nàìjíríà gan-an, ọ̀pọ̀ òbí ló ra ìwé ìtàn ayé rẹ̀ fún ọmọ. Èmi, orúkọ rẹ̀ ni mo fi ń na àwọn ọmọ mi láìmú ẹgba lọ́wọ́. Ẹni tó bá gba C nínú ìṣirò yóò gbọ́ ìtàn Carson títí oúnjẹ yóò fi tutù.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tí mo ti ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún ọmọ láti ọjọ́ pípẹ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ wá máa wádìí rẹ̀ bí àlejò? Mo fi dọ́là 50 ránṣẹ́, mo tún fi 50 mìíràn kún un. Lópin oṣù Kẹwàá, nígbà tí ìwádìí kan lọ́wọ́ àwọn olùdìbò gbé e síwájú Trump, mo ra ewúrẹ́, a jẹ ẹ́.

Kò pẹ́ tí nǹkan fi yí. Wọ́n hú ọ̀rọ̀ kan jáde tó ti sọ ní 1998, pé Jósẹ́fù inú Bíbélì ló kọ́ àwọn pírámídì Íjíbítì láti fi kó ọkà sí. (Ní ìjọ wa, àwọn kan ní kí ló burú níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.) Lẹ́yìn náà ni wọ́n pa èèyàn rẹpẹtẹ ní Paris lóṣù Kọkànlá, tí oníkálùkù wá ń béèrè ẹni tó lè dáàbò bo ìlú. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń la Carson lọ́yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ló fẹnu ara rẹ̀ sọ fún oníròyìn pé ẹ̀kọ́ náà kò wọ̀ ọ́ lórí. Ọmọ mi obìnrin kà á sí mi létí nídìí tábìlì. Mo ní, ẹni tó ń la ọpọlọ èèyàn, kí ni Síríà fẹ́ jẹ́ fún un? Ó wò mí, ó ní, "Dádì, ìbéèrè tí ẹ bi ọmọkùnrin tó wá tọrọ ẹ̀gbọ́n mi pọ̀ ju èyí tí ẹ bi bàbá yìí lọ." Mo bínú dìde, mi ò jẹ iyán mi tán.

Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kejì 2016, ìdá 9 nínú 100 ló rí ní Iowa, ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ dìbò láti yan ẹni tí ẹgbẹ́ wa yóò fà kalẹ̀ fún ipò ààrẹ. Kí ìdìbò tó parí ni ìròyìn ti gbòde pé ó ń lọ sílé ní Florida, àwọn èèyàn Ted Cruz, tí òun náà ń díje, sì ń sọ ọ́ kiri bí ẹni pé ó fẹ́ jáwọ́. Àbòsí ni, Cruz fúnra rẹ̀ sì bẹ̀ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń bú Cruz fún ẹnikẹ́ni tó bá tẹ́tí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: aṣọ ni àwọn èèyàn Carson ní ó fẹ́ lọ pààrọ̀. Aṣọ! Ta ló ń kúrò lójú ogun lọ pààrọ̀ aṣọ? Inú mi ti mọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹnu mi ni ò gbà.

Lọ́jọ́ 25 oṣù náà, wọ́n kó àwọn olùdíje wá sí Yunifásítì Houston fún ìjíròrò. Èmi wà níwájú tẹlifíṣọ̀n. Trump, Cruz àti Rubio ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu. Ẹni tí wọ́n bá sì ta bá ló ń rí àyè fèsì. Kò sẹ́ni tó ta bá dókítà. Nígbà tó yá, ó ní kí ẹnì kan jọ̀wọ́ gbéjà ko òun. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, omi sì lé ròrò sí mi lójú. Ìyá yín ní ṣé kí òun pa tẹlifíṣọ̀n.

Síbẹ̀, Carson ni mo yàn lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹta, nígbà tó kan Texas wa láti dìbò. Mi ò lè rí orúkọ yẹn kí n fò ó. Ìdá 4 ló rí ní Texas, ó jáwọ́ lọ́jọ́ kẹrin oṣù náà. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn ìdìbò wa tó fi ti Trump lẹ́yìn, nígbà tó sì di 2017, ó di mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé. Ẹni tí mò ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ti rí iṣẹ́.

Ìbò tí mo dì fún un kọ́ ló ń dùn mí títí dòní. Lẹ́yìn tí mo yí kòkó ẹ̀rọ ìdìbò dé orúkọ rẹ̀ tí mo sì tẹ̀ ẹ́, ojú ìwé mìíràn ṣí, òmíràn tún ṣí: adájọ́, adájọ́, adájọ́. Èèyàn méje ló ń du ipò kan ṣoṣo nínú Railroad Commission, àjọ ìjọba Texas tí kò tilẹ̀ ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin mọ́. Epo rọ̀bì àti gáàsì Texas ló wà níkàáwọ́ rẹ̀. Èmi tí mo ti ń fi iṣẹ́ epo jẹun látìgbà tí mo dé ìlú yìí, mi ò mọ ẹyọ kan nínú àwọn méjèèje. Mo fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, mo fi ìbínú jáde.

Nítorí náà, ìwọ tó ò ń kó àga lọ́jọ́ yẹn, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Sunkún ẹ, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ṣùgbọ́n wá sílé wa lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú ìdìbò. Àbúrò rẹ, ọmọ mi obìnrin, àti èmi máa ń kọ orúkọ àwọn olùdíje sínú ìwé, láti òkè dé ìsàlẹ̀, a sì ń wádìí wọn bí ẹni ń wádìí àna: iṣẹ́ wo lo ṣe rí, ta lo jẹ lówó, àwọn wo lò ń bá rìn. Ìyá yín ti ra ewúrẹ́.

Èmi ni bàbá yín,
Houston, Texas