Ẹ Gbé Épírọ́ọ̀nù Olójé Kúrò Nídìí Ilẹ̀kùn

Òkun o, Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá àyè fún ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé ìròyìn yín, torí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni inú ti ń bí mi. Àwọn kan lára àwọn tó ń ya X-ray fún wa ní ilẹ̀ Okun, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ń fi ara wa ṣeré. Mi ò ní gbogbo wọn o. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fojú ara mi rí, kò ṣeé gbé mì.

Ọmọ ọmọ mi já bọ́ lórí igi máńgòrò, apá rẹ̀ wú, a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ẹ̀rù ẹ̀rọ ńlá yẹn bà á, ó ń jà fitafita. Ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ ya fọ́tò bá ní kí ìyá rẹ̀ wá dì í mú. Ìyá yìí lóyún, oyún náà sì ti yọ sí gbangba, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Mo ní, "Ọ̀gá, épírọ́ọ̀nù olójé dà?" Aṣọ wúwo tó ní òjé nínú, tó ń dín ìtànṣán X-ray tó ń kan ara kù, ni mò ń béèrè. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká tètè ṣe é kí wọ́n tó mú iná lọ." Ìgbà tí mo bojú wẹ̀yìn ni mo rí épírọ́ọ̀nù náà. Wọ́n ti ká a bí ẹní, wọ́n fi ti ìdí ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn má baà gbá a dé. Ilẹ̀kùn tó yẹ kó wà ní títì pa kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ o! Àwọn tó ń dúró de X-ray tiwọn sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kọjú sí ilẹ̀kùn ọ̀hún.

Mo gbọn eruku ara rẹ̀, mo gbé e wọ̀, mo ní kí ìyàwó ọmọ mi bọ́ síta, èmi ni mo di ọmọ mú. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ń kùn, ó ní bàbá yìí ti fi àkókò òun ṣòfò.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ní Kàdúná, inú yàrá òkùnkùn ni mo ti ṣiṣẹ́ jẹun, níbi tí a ti ń fọ fíìmù X-ray nígbà tí kọ̀ǹpútà kò tíì wọ iṣẹ́ náà. Báàjì kékeré kan máa ń wà láyà gbogbo wa, fíìmù sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n á gbà á lọ, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á fi mọ iye ìtànṣán tó ti kan oníkálukú. Ní ti épírọ́ọ̀nù olójé, orí ọ̀pá ni à ń fi kọ́. A kì í ká a láéláé. Bí ẹ bá ká a, òjé inú rẹ̀ lè sán, ibi tó bá sì ti sán, ìtànṣán á gba ibẹ̀ kọjá, ojú lásán kò sì lè rí i. Nítorí náà ẹni tó fi épírọ́ọ̀nù olójé ti ilẹ̀kùn kò kàn fi í du ẹni tó wà níwájú rẹ̀ nìkan, ó tún lè ti bà á jẹ́ mọ́ ẹni tó máa wọ̀ ọ́ lọ́la lọ́wọ́.

Ẹnì kan á ní X-ray kan ṣoṣo kò lè pa èèyàn. Mi ò bá a jiyàn. Fọ́tò àyà kan kò ju nǹkan bí 0.1 millisievert lọ, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka ìtànṣán tó kan ara. Ìtànṣán tó ń ti inú ilẹ̀, inú àpáta àti ojú ọ̀run wá bá ọmọ aráyé lọ́dún kan, tí kò sẹ́ni tó lè sá fún un, jẹ́ nǹkan bí 2.4 millisievert. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ń sá fún X-ray torí wọ́n ní ó ń pa nǹkan ọkùnrin, ẹ lọ ya fọ́tò yín, ikọ́ ìfe tí fọ́tò àyà lè fi hàn ló yẹ kí ẹ máa bẹ̀rù. Skáànù tí wọ́n fi ń wo oyún náà kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìró ni ìyẹn ń lò, kò ní ìtànṣán irú èyí nínú. Àmọ́ bí ó bá di CT, ìyẹn ẹ̀rọ X-ray tó ń ya inú ara ní ìpele-ìpele, ọ̀kan péré tí wọ́n bá yà fún àyà lè tó nǹkan bí 70 fọ́tò àyà lásán.

Ọmọdé àti ọmọ inú oyún ló wá jẹ́ òkodoro ọ̀rọ̀. Ara wọn ṣì ń dàgbà, ìtànṣán tètè máa ń ṣe wọ́n ní jàǹbá ju àgbà lọ. Bó ti wù kó kéré tó, kí ló dé tí ọmọ inú yóò fi gba èyí tí kò yẹ kó gbà, nígbà tí épírọ́ọ̀nù olójé wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn? Ọdún 1895 ni Röntgen, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, rí ìtànṣán yìí ní Jámánì. Kò pẹ́ sígbà náà tí Clarence Dally, tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Edison, gbajúmọ̀ aṣèdá ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà, ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán ẹ̀rọ wò. Wọ́n gé apá rẹ̀ méjèèjì, ó sì kú ní 1904. Àwọn ará ìgbà yẹn kò mọ ewu rẹ̀. Ta ni kò mọ̀ ọ́n lónìí?

Àwọn ọ̀gá ńkọ́? Láti 1995 ni òfin ìtànṣán ti wà ní Nàìjíríà. Àwọn tí iṣẹ́ àyẹ̀wò wà lọ́wọ́ wọn kì í rí ọ̀nà wá sí ọ̀dọ̀ tiwa. Àwọn olóṣèlú ni kì í ṣìnà: wọ́n á wá já ríbọ́ọ̀nù níwájú ẹ̀rọ tuntun, wọ́n á ya fọ́tò (fọ́tò tiwọn kì í béèrè òjé), ó tún di ọdún ìdìbò mìíràn.

Ohun tí mò ń fẹ́ kò gbówó lórí. Kí gbogbo yàrá X-ray láti Kábà dé Ìsánlú ní ọ̀pá lára ògiri, ọ̀pá irin tàbí igi tó le, kó ga tó àyà èèyàn, kó wà níbi tí aláìsàn á ti rí i bó bá ṣe ń wọlé. Kí épírọ́ọ̀nù àgbà àti ti ọmọdé wà lórí rẹ̀. Lọ́dọọdún, kí wọ́n tẹ́ épírọ́ọ̀nù náà sábẹ́ ẹ̀rọ X-ray fúnra rẹ̀, kí wọ́n yà á: ibi tó bá ti sán á hàn gbangba. Kí wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ní Yorùbá pé, "Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá lóyún tàbí tí ẹ bá fura pé ẹ lóyún, ẹ sọ fún wa kí a tó tan ẹ̀rọ." Bí ọmọ kò bá dúró jẹ́ẹ́, kí bàbá rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn tí kò lóyún wọ épírọ́ọ̀nù dì í mú, àpò iyanrìn kékeré náà lè bá wọn tẹ apá mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí ẹ ń ná owó lórí àsè Kérésìmesì, épírọ́ọ̀nù méjì kò lè pa yín lára. Bí ó bá jẹ́ ọ̀pá ni ìṣòro wọn, káfíńtà wà ládùúgbò mi, èmi á san owó iṣẹ́ rẹ̀.

Kí wọ́n sì máa fún oníkálukú ní fọ́tò rẹ̀ mú lọ ilé, kí ilé ìwòsàn kejì má baà tún un yà. Kí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì yẹn jìnnà sí ẹnu ọ̀nà.

Ti àwọn ènìyàn wa tó ní jẹjẹrẹ, tí wọ́n ń lọ yá ilé gbé ní Ìbàdàn tàbí Àbújá torí ìtọ́jú ìtànṣán tí wọ́n á máa gbà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́tà ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Ṣọlá,
Ìyàrà, Ìjùmú.