Ọ̀rọ̀ tí òwìwí mú wá

Àjọkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ilé ńkọ́? Ìyá ńkọ́? Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, òwìwí kan bà sórí òrùlé wa níbí ní Santiago de Compostela, ní agbègbè Galicia lórílẹ̀-èdè Spain, ó ń ké. Màmá onílé sáré ti fèrèsé, wọ́n ṣe àmì àgbélébùú, wọ́n ní, "Mal agoiro." Mi ò bi wọ́n ní ìtumọ̀. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí: ta ló máa ṣẹ̀ṣẹ̀ túmọ̀ ìyẹn fún èmi àti ìwọ?

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn. Agoiro, ìyẹn àmì ire tàbí ibi, ni àwọn ará Galicia ń pè é. Potogí ní agouro tàbí agoiro. Augurium ti èdè Látìnì ni ìyá rẹ̀. "Au" iwájú rẹ̀ gé kù sí "a", bí oṣù Augustus ṣe di agosto lẹ́nu wọn. "I" tó wà lẹ́yìn "r" sì fò bọ́ síwájú.

Augur ni àlùfáà Róòmù tó ń wo ẹyẹ. Yóò fi ọ̀pá tó ká lórí pààlà sójú ọ̀run, yóò wá jókòó máa ṣọ́ ibi tí ẹyẹ máa gbà yọ. Templum ni wọ́n ń pe àyè tó pààlà sí yẹn, ibẹ̀ ni "tẹ́ḿpìlì" inú Bíbélì wa ti ṣẹ̀. Livy, òpìtàn wọn, sọ pé nígbà tí àwọn ìbejì, Romulus àti Remus, ń du ẹni tí yóò tẹ Róòmù dó, Remus ló kọ́kọ́ rí igún 6. Lẹ́yìn náà ni 12 yọ sí Romulus. Igún o, Àjọkẹ́! Àwọn kan ní ẹni tó kọ́kọ́ rí ló ni ìlú, àwọn kan ní ẹni tó rí púpọ̀ ni. Ìjà dé, Remus kú sí i.

Augur kì í béèrè ohun tí ọ̀la máa bí. Ohun tó ń béèrè ni bóyá Jupiter, olórí òrìṣà wọn, fọwọ́ sí ohun tí wọ́n fẹ́ dáwọ́ lé. Ire wà nínú ìdáhùn, ibi wà níbẹ̀, bí ìgbà tí babaláwo bá dìbò bi Ifá. Ìdí nìyẹn tí ará Ítálì fi ń kí ọlọ́jọ́-ìbí ní "auguri!", tí ọ̀rọ̀ kan náà sì fara pamọ́ sínú bonheur, ayọ̀ àwọn Faransé.

Àfi níbí àti ní Pọ́túgà. Bí wọ́n bá ní agouro lásán, ibi ni. Kó tó lè jẹ́ ire, wọ́n gbọ́dọ̀ fi "bo" ("bom" lẹ́nu Potogí) síwájú rẹ̀. Ó dùn mí fún ọ̀rọ̀ náà, tọkàntọkàn. Wọ́n gbé e dé Brazil pàápàá, níbi tí àwọn ará àríwá ti ń pe òwìwí kan ní rasga-mortalha, a-fa-aṣọ-òkú-ya, torí igbe rẹ̀ dàbí ìgbà tí aṣọ bá ń ya.

Jọ̀ọ́, bá mi bi Ìyá: tí òwìwí bá ké lórí òrùlé yín l'Abẹ́òkúta, kí ni wọ́n máa ń sọ sí i? Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn gan-an ni kí o kọ sí mi.

Èmi ni tìrẹ,
Bísí