Lẹ́tà sí Ràṣídì lórí kọfí, obì àti àìróorunsùn

Surulérè, Èkó.

Ràṣídì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn pé ara gbogbo yín le ní Winnipeg ní Kánádà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òtútù ibẹ̀ kò jẹ́ kí n jowú yín. Ohun méjì ni o bi mí: ìdí tí oorun fi ń sá fún ọ lẹ́yìn iṣẹ́ òru ní ọsibítù, àti ìdí tí Màmá, tí wọn kò fẹnu kan kọfí rí, fi ń ṣàròyé pé àwọn kì í rí oorun sùn ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Lójú tèmi, ìdáhùn kan náà ló wà fún méjèèjì: kafíìnì, èròjà inú kọfí tó ń lé oorun.

Kafíìnì kì í fún ènìyàn lágbára. Àárẹ̀ ló máa ń fi pamọ́ fún wa. Láti ìgbà tí a bá ti jí ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní adenosine ti ń pọ̀ sí i nínú ọpọlọ, bí ó bá sì ti ń wọ àyè tirẹ̀ lára àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ni oorun yóò máa kùn wá. Kafíìnì jọ ọ́ débi pé ó lè gba àyè náà mọ́ ọn lọ́wọ́, bí èrò tó sáré jókòó sí àyè ẹlòmíràn nínú dánfó ní Ojúẹlẹ́gbà. Ojú a là, ọkàn a pa pọ̀ sójú kan, ọwọ́ a sì yá sí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n adenosine kò kúrò nídìí ọkọ̀. Ńṣe ló ń pọ̀ sí i ní ìdúró, nígbà tí kafíìnì bá sì sọ̀ kalẹ̀, gbogbo rẹ̀ a rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí awakọ̀ tó ti mu agolo ohun mímu amúnijí (energy drink) méjì ní ìdájí fi ń tòògbé lórí afárá Third Mainland kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ní tìrẹ, àkókò tí o ń mu ún ni mo fura sí ju iye rẹ̀ lọ. Láàárín ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí kan ni kafíìnì máa ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, yóò sì tó nǹkan bí wákàtí márùn-ún kí ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà tó palẹ̀ ìdajì rẹ̀ mọ́. Kọfí tí o mu ní aago mẹ́rin ìdájí, ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára rẹ ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ tí o fẹ́ sùn. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2013, àwọn tó lo mílígíráàmù 400 ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú àkókò oorun pàdánù oorun tó ju wákàtí kan lọ. Mu tìrẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí o má sì fẹnu kàn án mọ́ lẹ́yìn ọ̀gànjọ́. Bóyá àyà rẹ tó ń lù kìkì àti ọwọ́ rẹ tó ń gbọ̀n yóò tún rọlẹ̀. Má kàn ṣe jáwọ́ lójijì, torí kí ọjọ́ kan tó pé ni orí fífọ́ yóò ti dé: àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí kafíìnì ti fún pọ̀ nínú orí ni yóò gbòòrò.

Sọ fún ìyàwó wa pé, nígbà tí oyún bá ti dàgbà, ó lè tó wákàtí 15 kí ìdajì kafíìnì tó kúrò lára. Àjọ tó ń bójú tó ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù fi àyè sílẹ̀ fún mílígíráàmù 400 lójúmọ́ fún àgbàlagbà, ṣùgbọ́n 200 péré fún aláboyún, tíì àti ṣokoléètì sì wà nínú ìṣirò náà.

Ti Màmá ló gba sùúrù. Nígbà tí mo lọ kí wọn, obì gbànja ni wọ́n fi ṣe mí lálejò, wọ́n sì sọ fún mi pé àwọn máa ń jẹ ẹ́ lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, bí àwọn àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn bá ń tàkúrọ̀sọ. Kafíìnì wà nínú obì, ó sì pọ̀ níbẹ̀ dáadáa. Àmọ́ obì tí a fi ń wúre fún ọmọ, ta ni yóò wá sọ fún Màmá pé òun ló ń lé oorun? Lẹ́yìn náà ni mo rí oògùn orí fífọ́ tí wọ́n ń lò kí wọ́n tó sùn. Irú èyí tí wọ́n fi mílígíráàmù kafíìnì 65 kún parasitamọ́ọ̀lù inú hóró kọ̀ọ̀kan ni, hóró méjì ni wọ́n sì ń lò lálaalẹ́. Ìyẹn ju ife kọfí tí ìwọ ń fi omi gbígbóná pò lọ!

Mo ti ra èyí tí kò ní kafíìnì fún wọn ní Yábà, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn kò ní í lò ó àfi bí ọmọ àwọn bá fọwọ́ sí i. Jọ̀wọ́, pè wọ́n lọ́jọ́ Àìkú, kí o sì bá wọn yanjú ti oògùn yẹn kí o tó dárúkọ obì rárá.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Adégòkè