Ẹ Má Kó Àkàràògùn Mọ́ Àwọn Òrìṣà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Lẹ́tà tí ẹ tẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí ẹni tó kọ ọ́ ní kí a máa ka gbogbo akọni tó bá ti rìnrìn àjò ẹlẹ́rù mọ́ ìtàn ìwáṣẹ̀, ti dá ìjà sílẹ̀ ní ìsọ̀ mi ní Sápọ́n. Ìwé àlòkù ni mò ń tà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó jẹ́ oníbàárà mi ka lẹ́tà náà tán, ló bá mú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé Fágúnwà tí Àkàràògùn jẹ́ akọni rẹ̀, kúrò láàárín àwọn ìwé ìtàn àròsọ, ó lọ tò ó ti ìwé ẹsẹ̀ Ifá. Mo dá a padà. Ó tún gbé e. Mo ní, “Ọmọ mi, bó bá jẹ́ pé gbogbo ẹni tó wọ igbó ló ń di ará ìwáṣẹ̀, bàbá ìyá mi tó dẹ ìgbẹ́ títí ojú rẹ̀ fi fọ́ náà yẹ lẹ́ni à ń bọ.”

Mo mọ ohun tó fa òǹkọ̀wé yín. Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún, àwọn iwin, Òkè Lángbòdó tí ọba rán Àkàràògùn àti Kàkó àti Ìmọ̀dòye àti Olóhùn-iyọ lọ: gbogbo rẹ̀ jọ ìtàn ìwáṣẹ̀ lóòótọ́. Igbó yẹn ti wà lẹ́nu àwọn baba wa kí Fágúnwà tó dáyé. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọ inú igbó náà, Fágúnwà ló bí i, ọdún 1938 ló sì jáde. Kò tilẹ̀ fi í pa mọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà gan-an ni bàbá arúgbó kan ti wá bá a, tó ní kó wá ohun ìkọ̀wé kó máa kọ ọ̀rọ̀ òun sílẹ̀. Ìtàn Ọbàtálá kò ní irú ọjọ́ yẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé nítorí a mọ ẹni tó kọ ọ́ nìkan ni mo ṣe ń jà. Ta ló kọ Ìjàpá? Kò sẹ́ni tó mọ̀, síbẹ̀ n kò rí ẹni tó ń fi Ìjàpá búra. Gilgamesh, ọba Uruk ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Iraq lónìí, ní akọ̀wé tí wọ́n dárúkọ pé ó to ìtàn rẹ̀ jọ, Sîn-lēqi-unninni. Ọ̀rẹ́ Gilgamesh ló kú, òun náà ò fẹ́ kú, ló bá gbéra ó ń wá ìyè kiri. Orúkọ akọ̀wé kò sọ ọ́ di àròsọ, nítorí àwọn ènìyàn ń ké pè é gẹ́gẹ́ bí adájọ́ àwọn òkú. Odysseus, akọni inú ìtàn àtijọ́ àwọn Gíríìkì, náà ńkọ́? Nínú ihò àpáta kan ní erékùṣù Ithaca, wọ́n wú àfọ́kù ìbòjú amọ̀ kan jáde tí ẹnì kan kọ ọ́ sí lára pé ẹ̀jẹ́ Odysseus ni òun san. Ẹni tí wọ́n ń san ẹ̀jẹ́ fún ti kúrò ní ti inú ìwé.

Ohun tí mo fi ń yà wọ́n nìyẹn: kí ni àwọn ènìyàn ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe nígbà tí ìwé wà ní pípadé?

Ìyá mi, aláró ni ní Ìtòkú. Aró a máa ní ọjọ́ tí yóò ṣorí kunkun: wọ́n ti gún èlú, omi eérú ti sẹ̀ tán, síbẹ̀ ìkòkò á dákẹ́, kò ní hó, òórùn rẹ̀ á yí padà, aṣọ tí wọ́n bá rì bọ̀ ọ́ á jáde bí ẹni pé omi ìfọwọ́ ni wọ́n rì í sí. Àwọn àgbà obìnrin á wá máa dárúkọ Ìyá Màpó, òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin, wọ́n á wá nǹkan fi tù ú lẹ́bàá ìkòkò. Ìyá mi tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì á kàn yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n kò ní kí wọ́n má ṣe é. Bàbá mi ló máa ń ka Ògbójú Ọdẹ sétí àwọn obìnrin yìí kan náà nírọ̀lẹ́. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á pariwo bí Àgbákò bá yọ. Bí aró bá tún wá kọ̀ lọ́jọ́ kejì, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ ké pe Àkàràògùn.

Ẹ sì wo Lísàbí tiwa. Àgbẹ̀ ni. Ó fi àáró kó àwọn àgbẹ̀ jọ, àáró di ẹgbẹ́ ogun, Ẹ̀gbá sì bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀yọ́. Ọkùnrin Ẹ̀gbá tí kò ṣí ìwé kankan rí yóò là á mọ́ yín pé ọmọ Lísàbí lòun. Ẹ dán an wò, ẹ sọ fún un ní Lafẹ́ńwá pé irọ́ ni, kí ẹ wo bí ẹ ó ṣe délé.

Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta tí a bí lọ́dún 1920, mú ti tirẹ̀ kọjá àyè. Ọ̀mu inú The Palm-Wine Drinkard, ìwé rẹ̀ ti 1952, ẹni tí bàbá rẹ̀ fún ní oko tó ní ọ̀pẹ 560,000, tí adẹ́mu rẹ̀ já lórí ọ̀pẹ kú, tó wá ń wá a lọ sí ìlú àwọn òkú, pe ara rẹ̀ ní bàbá àwọn òrìṣà. Ẹnu rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Òrìṣà wo ló jẹ́ ẹ lóhùn? Agbárí tó yá ẹ̀yà ara ẹlẹ́yà ara títí ó fi di arẹwà ọkùnrin nínú ìwé kan náà, ìyẹn ti wà nínú àlọ́ tipẹ́.

Ibi kan wà tí ẹsẹ̀ òǹkọ̀wé yín ti mú ilẹ̀ díẹ̀, ó sì yà mí lẹ́nu pé kò dé ibẹ̀. Chrétien de Troyes, ará Faransé, bẹ̀rẹ̀ ìtàn Perceval, ọ̀dọ́mọkùnrin jagunjagun kan tó rí ohun ìyanu kan tí wọ́n ń pè ní Grail, ní ọ̀rúndún kejìlá, kò parí rẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn gbà á, wọ́n ń fi kún un. Grail tó jẹ́ àwo oúnjẹ lọ́wọ́ Chrétien di ife tí Jésù lò. Bóyá bí ìwáṣẹ̀ ṣe ń hù nìyẹn. Bí àwọn ọmọ wa bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí Àkàràògùn, kí àwọn tó bá wà láyé nígbà náà tò ó síbi tó bá wù wọ́n. Níṣojú tèmi, kò tíì rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, nínú ojú ewé àwọn ọmọdé yín níbi tí ẹ to Àkàràògùn sí àárín Ògún àti Ọ̀ṣun, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ fún un ní ojú ewé tirẹ̀ kí ẹ kọ orúkọ Fágúnwà sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà. Ẹni tó bá sì ń wá Ìrèké Oníbùdó, ìwé Fágúnwà mìíràn, ó ku ẹyọ kan lọ́wọ́ mi; kò ní èèpo iwájú, ṣùgbọ́n ojú ewé rẹ̀ pé.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Oníwèé,
Sápọ́n, Abẹ́òkúta.