Ìwé Ẹ̀bẹ̀ lórí Odò Àkùrọ̀ Wa àti Ẹ̀rọ Ìfami Tí Wọ́n Kó Lọ

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa tí a bọ̀wọ̀ fún, nípasẹ̀ Akọ̀wé Káńsù

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, Alága wa. Àwa àgbẹ̀ àkùrọ̀, olóko ẹ̀fọ́ àti tòmátò, la dọ̀bálẹ̀ tí a kúnlẹ̀ kọ ìwé yìí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nígbà ọyẹ́, láti Ọ̀fà dé Ìlọrin, kò sí ìkòkò ọbẹ̀ tí ọwọ́ wa kò sí nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ yín wá sétí odò, wọ́n kó ẹ̀rọ ìfami 11, wọ́n sì fi àdá gé rọ́bà wa wẹ́wẹ́. Wọ́n ní ariwo ẹ̀rọ ń da àwọn àlejò ilé ìgbafẹ́ tó wà lókè odò láàmú, pé àwa la sì ń gbẹ odò. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ń gbẹ odò? Ilé ìgbafẹ́ yẹn ló fi àpò yanrìn dí i, tó gbé ẹ̀rọ ńlá kalẹ̀ tó ń fami tọ̀sán-tòru. Púùlù ìwẹ̀ tó gùn ní mítà 25, tó fẹ̀ ní mítà 10, tó jìn ní mítà kan ààbọ̀, lítà 375,000 ló ń gbà. Éékà tòmátò kan nínú ọyẹ́ ń mu bíi lítà 20,000 lóòjọ́. Omi púùlù ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo á bomi rin éékà kan fún ọjọ́ 18 ó lé, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń dà á nù, wọ́n ń pọn tuntun, nítorí wọn kò ra ẹ̀rọ asẹ́ oníyanrìn tó ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú omi. Bí asẹ́ àti kòlórínì, oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi, bá wà, àbùkún díẹ̀díẹ̀ ni púùlù á máa fẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Àsìkò tí àlejò ń rọ́ wá, láti Kérésì lọ, gan-an ni odò máa ń fà jù. Tòmátò wa ń tanná lọ́wọ́. Bí omi bá wọ́n ọn, òdòdó á rẹ̀ dànù. Èyí tó ti so, ìdí rẹ̀ á dúdú, á rà, torí omi ló ń gbé kálísíọ̀mù, èròjà tí èso nílò, láti inú ilẹ̀ dé inú èso; bí omi bá tún dé lójijì, ìyókù á sán. Tẹ̀tẹ̀ á yọ òdòdó láìtọ́jọ́, ọlọ́jà kò sì ní wò ó.

Àwọn ẹ̀rọ kékeré wa kò lè fa omi tó bá jìn ju bíi mítà 7 lọ. Bí kànga àkùrọ̀ bá fà kọjá bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ ni ẹ̀rọ á máa fà, síìlì rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí omi jò á sì jóná, torí omi náà ló ń mú un tutù. Ẹ̀rọ mẹ́rin ti bàjẹ́ báyìí kí káńsù tó wá bá wa tọ́jú ìyókù.

Òfin Omi ti ìjọba àpapọ̀, ọdún 1993, gba ẹni tó ní ilẹ̀ létí odò láàyè láti fa omi fún oko tirẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. A kò rò pé Alága wa mọ òfin yìí kí wọ́n tó rán àwọn òṣìṣẹ́ wá.

A kò kórìíra àlejò. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ère òkúta Èsìẹ́ ti wà láti 1945, àwọn èèyàn sì ń lọ wo ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ omi Òwù; ìwòran kì í gbẹ odò. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ dá ẹ̀rọ wa padà kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí káńsù san owó rọ́bà tí wọ́n gé, kí ilé ìgbafẹ́ kó àpò yanrìn kúrò lójú odò, kí wọ́n má sì fa omi odò sí púùlù títí òjò á fi dé ní Ẹrẹ́nà tàbí Igbe. Tí ilé ìgbafẹ́ bá fẹ́ ká pín ọjọ́ ìfami, a ṣe tán láti jókòó.

Ọ̀rá àti ike tí àlejò ń jù sódò ń dí ẹnu ẹ̀rọ. Tíkẹ́ẹ̀tì owó ọjà tí káńsù ń gbà sì ti pọ̀ jù.

Àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń sọ pé àwọn á lọ ṣí odò náà fúnra wọn. Àwọn ìyá wa ní ọjà ní bí ẹ̀fọ́ kò bá sí, tíkẹ́ẹ̀tì náà kò sí. A ṣì ń bẹ̀ wọ́n. Ẹ bá wa dáhùn kí ọjọ́ ọjà méjì tó kọjá.

Àwa ni ọmọ yín,
Alága, Akọ̀wé àti Ìyálájé ẹgbẹ́, lórúkọ gbogbo olóko àkùrọ̀

Ẹ̀dà: Kábíyèsí, Káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa, aṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, DPO